Owó Orí Lórí Èéfín: Ṣé Ó Ń Ṣiṣẹ́, Ta Ló sì Ń San Án?

Ọ̀rọ̀ tí a sọ níwájú àwọn olóyè àti ọmọ ẹgbẹ́ ní Manigri

  

Ọ̀rọ̀ tí ẹgbẹ́ ní ká wá sọ lónìí le díẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe ọ̀rọ̀ àjèjì. Ẹ rántí pé ní ìpàdé tó kọjá, díẹ̀ ló kù kí ọ̀rọ̀ èédú di ìjà láàrin wa. Àwọn kan ní kí ẹgbẹ́ kọ̀wé sí mérì, kí wọ́n fi kún owó tí wọ́n ń gbà lórí èédú tó ń jáde láti ilẹ̀ wa, kí igbó lè sinmi. Àwọn kan ní rárá, kí wọ́n mú owó náà kúrò pátápátá, torí àwọn obìnrin tí kò ní ló ń san án. Ọ̀dọ́ kan dìde, ó ní àwọn òyìnbó ti ń gba owó orí lórí èéfín, wọ́n ń pè é ní taxe carbone, ó sì ti yanjú ọ̀rọ̀ wọn. Bàbá kan dá a lóhùn pé irọ́ ni, pé owó lásán ni ìjọba ń wá. Nígbà tí kò sí ẹni tó lè dájọ́, gbogbo yín wo ojú wa, nítorí ẹ mọ̀ pé iṣẹ́ ìwé ìjọba ni a fi ayé wa ṣe. A ní kí ẹ fún wa láyè ká lọ kà á. A ti kà á. Ohun tí a rí nìyí.

Kí ni owó orí èéfín?

Bí a bá dáná sun igi, èédú, ẹ̀sáńsì tàbí gáàsì, afẹ́fẹ́ kan ń jáde tí ojú kì í rí. Bó ṣe ń pọ̀ sí i lójú sánmà, ó ń bo ayé bí aṣọ òtútù, ooru ń pọ̀, òjò ń yí ìgbà padà. Àgbẹ̀ tó jókòó síbí ò nílò ìwé kó tó mọ̀ pé òjò ò dúró mọ́ sí ibi tí bàbá rẹ̀ ní ó máa dúró sí.

Owó orí èéfín ni kí ìjọba sọ pé: ẹni tó bá tú tọ́ọ̀nù kan afẹ́fẹ́ yìí sílẹ̀, iye báyìí ni yóò san. Lítà ẹ̀sáńsì kan tí a bá sun ń tú bíi kílò 2.3 jáde, nítorí náà bíi lítà 435 ló ń di tọ́ọ̀nù kan. Wọn kì í wọn èéfín lẹ́nu mọ́tò. Orí epo ni wọ́n ń gbé owó náà lé, kí epo wọ́n, kí ènìyàn lè dín in kù. Òfin ilẹ̀ wa náà mọ irú èrò yìí. Òfin àyíká 98-030, ti ọjọ́ 12 oṣù kejì 1999, sọ pé ẹni tó bá ba àyíká jẹ́ ni yóò ru ẹrù rẹ̀. Owó tí à ń san lórí igi àti èédú kì í jẹ́ taxe carbone, ṣùgbọ́n ọmọ ìyá ni wọ́n. Torí náà, ohun tó bá ṣẹlẹ̀ sí ọ̀kan lè kọ́ wa lọ́gbọ́n lórí èkejì.

Báwo la ṣe ń mọ̀ pé ó ṣiṣẹ́?

Ẹ wo àgbẹ̀ kan tó fi ajílẹ̀ sí oko àgbàdo rẹ̀. Lọ́dún yẹn, àgbàdo dára. Ṣé ajílẹ̀ ni, àbí òjò? Kò lè mọ̀, àfi tó bá fi apá kan oko náà sílẹ̀ láìfi ajílẹ̀ sí i. Bẹ́ẹ̀ náà ni owó orí. Bí èéfín ìlú kan bá dín kù lẹ́yìn tí wọ́n gba owó, ó lè jẹ́ pé ilé iṣẹ́ ló ti, ó lè jẹ́ pé epo wọ́n ní gbogbo ayé. Ìbéèrè gidi ni pé: ká ní wọn ò gba owó yẹn, báwo ni ìbá ti rí? Àwọn onímọ̀ máa ń wá ìlú tó jọ èyí tó gba owó, wọ́n á fi méjèèjì wéra.

Ìpínlẹ̀ British Columbia ní Kánádà bẹ̀rẹ̀ ní oṣù keje 2008, ní dọ́là 10 lórí tọ́ọ̀nù kan. Ní 2015, àwọn onímọ̀ méjì, Murray àti Rivers, kó àwọn ìwádìí jọ, wọ́n rí i pé èéfín ibẹ̀ fi bíi 5 sí 15 nínú ọgọ́rùn-ún kéré sí iye tí ìbá jẹ́. Ní 2021, Jessica Green yẹ ọ̀pọ̀ ìwádìí wò káàkiri ayé. Ó ní ohun tí owó orí àti ọjà èéfín ń dín kù kì í sábà ju 0 sí 2 nínú ọgọ́rùn-ún lọ lọ́dún. Ní 2024, àwọn mìíràn kó ètò 21 jọ, wọ́n rí i pé 17 nínú wọn dín èéfín kù lóòótọ́, láàrin 5 sí 21 nínú ọgọ́rùn-ún.

Torí náà, ọ̀dọ́ yẹn jàre díẹ̀, bàbá náà sì jàre díẹ̀. Owó orí èéfín ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n iṣẹ́ rẹ̀ kò pọ̀ tó bí àwọn tó fẹ́ràn rẹ̀ ṣe ń sọ. Ohun tó yẹ ká béèrè ni ìdí tó fi ṣiṣẹ́ níbì kan tó sì dà rú níbòmíràn.

Níbi tó ti dúró àti níbi tó ti ṣubú

Sweden bẹ̀rẹ̀ ní 1991. Iye rẹ̀ kéré nígbà náà. Díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń fi kún un, títí ó fi ju euro 100 lọ lórí tọ́ọ̀nù kan. Èéfín wọn ti fi bíi ìdá kan nínú mẹ́ta dín kù sí ti 1990, ọrọ̀ ajé wọn ò sì wó. Ṣùgbọ́n ẹ má gbàgbé ohun méjì. Lákòókò kan náà tí wọ́n gbé owó yìí dé, wọ́n dín owó orí tí òṣìṣẹ́ ń san lórí owó oṣù kù. Wọ́n sì ti ní páìpù tó ń gbé omi gbígbóná láti ilé iṣẹ́ kan lọ sí ọ̀pọ̀ ilé nínú ìlú. Nígbà tí epo ìdáná wọ́n, ilé iṣẹ́ náà yí padà sí igi àjẹkù àti ìdọ̀tí, ooru ò sì kúrò nínú ilé ẹnikẹ́ni. Ọ̀nà mìíràn ti wà nílẹ̀.

Ilẹ̀ Faransé bẹ̀rẹ̀ ní 2014 ní euro 7. Ní 2018 ó ti di euro 44.60. Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò rẹ̀ ní fránkì tiwa: bíi 67 fránkì ni ìyẹn lórí lítà ẹ̀sáńsì kan. Wọ́n tún fẹ́ fi kún un fún 2019. Ní ọjọ́ 17 oṣù kọkànlá 2018, àwọn ènìyàn wọ aṣọ yẹ́lò, wọ́n jáde sí oríta. Ta ni wọ́n? Púpọ̀ nínú wọn kì í ṣe ọmọ Paris tó ń wọ métro. Àwọn tó ń gbé abúlé àti ìlú kékeré ni, tí kò ní bọ́ọ̀sì, tí ó di dandan kí wọ́n gbé mọ́tò lọ síbi iṣẹ́. Owó náà pọ̀ jù nínú àpò ìjọba gbogbogbò, ẹni tó ń san án kò rí ibi tó bọ́ sí. Ìjọba fà sẹ́yìn, iye náà sì dúró sí 44.60 láti ìgbà yẹn.

Kánádà tiẹ̀ gbìyànjú láti dá owó padà. Nínú owó tí ìjọba àpapọ̀ ń gbà lórí epo, bíi 90 nínú ọgọ́rùn-ún ló ń padà sọ́dọ̀ àwọn ìdílé. Síbẹ̀ ojúmọ́ kan ò mọ́ kí wọ́n má rí iye orí pọ́m̀pù, èyí tó padà sì ń wọ báńkì láìpariwo. Ọ̀pọ̀ ò mọ̀ pé wọ́n ti gbà á. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹrin 2025, wọ́n sọ owó náà di òdo. Ẹ fi èyí sọ́kàn: owó tí a dá padà tí ẹni tó ni ín kò mọ̀, bí ẹni pé a kò dá a padà ni.

Ní ilẹ̀ Áfíríkà, Gúúsù Áfíríkà bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹfà 2019, ní rándì 120 lórí tọ́ọ̀nù kan. Ṣùgbọ́n wọ́n fi àyè sílẹ̀ fún àwọn ilé iṣẹ́ ńlá, ó tó 60 sí 95 nínú ọgọ́rùn-ún èéfín wọn tí wọn kò san owó kankan lé. Ohun tí wọ́n ń san ní tòótọ́ wá di rándì 6 sí 48. Owó tí ó ga nínú ìwé lè kéré lọ́wọ́ ẹni tó lágbára.

Ọdún tí kpayó wọ́n

Ẹ lè sọ pé ọ̀nà jìn sí Sweden. Ó dáa, ẹ jẹ́ ká padà sílé. Àwa náà ti fojú rí irú ìdánwò yìí, àmọ́ kò sẹ́ni tó bi wá ká tó wọ inú rẹ̀.

Ní ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún 2023, ọjọ́ tí Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú gorí oyè ní Àbújá, ó kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti tán. Lítà tó wà ní bíi náírà 190 di nǹkan bíi 500 láàrin ọjọ́ mélòó kan, nígbà tó fi máa di oṣù keje ó ti kọjá 600. Gbogbo wa la mọ ibi tí kpayó ti ń wá. Kò tó ọ̀sẹ̀ kan tí ìgò tó wà lẹ́bàá ọ̀nà wa náà fi gun òkè.

Yíyọ ìrànwọ́ kì í ṣe owó orí èéfín. Ṣùgbọ́n bó ṣe ń kan ènìyàn jọra: iye orí lítà ń gòkè. Ká ní igba fránkì péré ló fi gun lórí lítà kan, ìyẹn jẹ́ bíi 87,000 fránkì lórí tọ́ọ̀nù èéfín kan, ó ju euro 130 lọ. Ẹ̀yin èèyàn wa, ohun tí Sweden fi ọgbọ̀n ọdún gùn, àwa gùn ún láàrin ọ̀sẹ̀ kan! Kò sí owó orí mìíràn tí wọ́n dín kù fún wa, kò sì sí páìpù omi gbígbóná.

Kí la wá rí? Zémi tó ń gbé wa lọ sí Bassila fi kún owó. Ẹ̀rọ tó ń lọ àgbàdo fi kún owó. Ẹni tó ń kó iṣu lọ sọ́jà fi kún owó, ẹni tó ń ra iṣu sì dín iye tó ń san fún àgbẹ̀ kù, torí ó ní ọkọ̀ ti wọ́n. Àwọn ọmọ ilé ìwé kan bẹ̀rẹ̀ sí fẹsẹ̀ rìn. Ìrìn àjò tí kò pọn dandan dín kù, òótọ́ ni. Ẹni tó máa ń lọ kí ẹbí lẹ́ẹ̀mẹrin lóṣù ń lọ lẹ́ẹ̀kan. Ṣùgbọ́n mélòó nínú wa ló rí nǹkan mìíràn gùn? Ní Cotonou, a rí àwọn zémi tó ń lo mọ́tò oníná, wọ́n ń pààrọ̀ bátìrì bí ẹní ń pààrọ̀ ìgò gáàsì. Ibi tí ìpààrọ̀ bá wà nítòsí, owó epo tó wọ́n lè ti ènìyàn síbẹ̀. Ibi tí kò bá sí, ìyà nìkan ló máa ń dì. Àwọn àgbà ní ọ̀nà kan ò wọ ọjà. Bí ọ̀nà bá wá jẹ́ ẹyọ kan tí a sì gbé igi dínà rẹ̀, ọjà ò ní kún, àwọn ará oko ló máa jókòó sílé.

Ohun kejì kọ́ wa lọ́gbọ́n lórí wíwọ̀n. Àjọ tó ń bójú tó epo ní Nàìjíríà kéde pé epo tí wọ́n ń kó jáde lójúmọ́ já wálẹ̀ láti bíi mílíọ̀nù lítà 66 ní oṣù karùn-ún sí bíi 48 ní oṣù kẹfà 2023. Ẹni tó ka ìyẹn nínú ìwé lè sọ pé: ẹ wò ó, àwọn ará Nàìjíríà ti dín èéfín kù gidi! Ṣùgbọ́n àwa tó wà ní ìhà ibí ti ẹnubodè mọ̀ pé apá kan nínú epo tí wọ́n ń kà sí tiwọn, ọ̀dọ̀ wa ló ti ń jóná. Nígbà tí èrè rẹ̀ tán, àwọn kan ò kó o wá mọ́. Torí náà, ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ bóyá owó kan dín èéfín kù gbọ́dọ̀ wo ìhà méjèèjì ẹnubodè. Bó bá wo ìhà kan ṣoṣo, ó lè pe ohun tó ṣí kúrò ní ohun tó dín kù.

Ẹ̀kọ́ tí Niger kọ́ wa

Ní báyìí, ẹ jẹ́ ká wá sórí igi àti èédú gan-an. Ibi tó jọ tiwa jù tí a rí ni Niger, aládùúgbò wa. Ní ọjọ́ 21 oṣù kẹjọ 1992, wọ́n ṣe òfin kan lórí igi ìdáná tó ń wọ àwọn ìlú ńlá bíi Niamey. Ọgbọ́n tó wà nínú òfin náà rọrùn. Owó orí igi kì í ṣe iye kan náà fún gbogbo igi. Igi tó bá ti inú ọjà igi abúlé wá, níbi tí àwọn ará abúlé ti pààlà igbó wọn tí wọ́n sì mọ iye tí wọ́n lè gé lọ́dún, owó rẹ̀ kéré. Igi tó bá ti ibi tí kò sẹ́ni tó ń ṣọ́ ọ wá, owó rẹ̀ wọ́n jù. Apá kan nínú owó ọjà abúlé sì ń dúró lábúlé, fún ìtọ́jú igbó àti iṣẹ́ ìlú.

Ṣé ó ṣiṣẹ́? Níbi tí abúlé ti di igbó wọn mú, tí owó sì dúró lọ́wọ́ wọn, wọ́n rí i pé igbó jẹ́ tiwọn, wọ́n sì ń ṣọ́ ọ. Ohun tó já wọn kulẹ̀ wà lójú ọ̀nà. Nígbà tí àyẹ̀wò ní ẹnu ọ̀nà ìlú kò lágbára, ọkọ̀ tó kó igi láti ibi tí kò tọ́ kọjá láìsan iye tó yẹ. Igi tó yẹ kó wọ́n wá rọjú ju igi ẹni tó pa òfin mọ́ lọ. Olóòótọ́ abúlé wá dà bí òmùgọ̀. Ní Bénin náà, wọ́n ti gbìyànjú irú ọjà igi abúlé bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, kì í ṣe ohun tí a ń lá lójú àlá.

Àpò èédú wa

Òfin igbó wa, 93-009 ti ọjọ́ 2 oṣù keje 1993, fi àyè sílẹ̀ fún ará abúlé láti ṣa igi gbígbẹ fún ìdáná ilé rẹ̀. Òwò ló ń béèrè ìwé àti owó. Ìyẹn dára, ẹni tó ń se ọbẹ̀ fún ọmọ rẹ̀ kì í ṣe ẹgbẹ́ ẹni tó ń di àpò ọgọ́rùn-ún mẹ́ta sínú ọkọ̀ akẹ́rù.

Ṣùgbọ́n ẹ dúró lẹ́bàá ọ̀nà ọ̀dà tó ti Savalou wá, tó gba Bassila lọ sí Djougou. Ẹ wo àwọn àpò tó tò síbẹ̀. Àpò kì í sọ irú igi tó wà nínú rẹ̀. Ẹni tó sun kùkùté tó kù nínú oko tó fẹ́ fi gbin kajú, àti ẹni tó wọ igbó lọ gé igi ayin tàbí igi òrí tútù, àpò wọn jọra. Bí owó bá jẹ́ ti àpò nìkan, iye kan náà ni àwọn méjèèjì á san. Kò sí ìdí tí ẹni kejì yóò fi fi igi òrí sílẹ̀. Bí a bá sì fi kún owó náà láìṣe ìyàtọ̀, a ò tíì kọ́ ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan.

Ẹ tún gbọ́ ohun tí màmá kan tó ń sun èédú sọ fún wa nígbà tí a lọ bá a ní oko. A bi í pé bí wọ́n bá fi kún owó náà ńkọ́. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní: “Bàbá, oníbàárà tó ń ti Cotonou wá kì í fi kún owó tiẹ̀. Bí mo bá ní ó ti wọ́n, á ní òun ń lọ sí abúlé tó wà níwájú. Èmi ni máa yọ owó yẹn nínú èrè mi. Tí èrè bá kéré, kí ni mo máa ṣe? Àpò mẹ́ta ni máa sun dípò méjì.”

A ti ka ìwé lórí owó orí fún ọ̀pọ̀ ọdún, a ò rí ibi tí wọ́n ti sọ ọ́ tó báyìí. Ẹni tí kò rí ibòmíràn lọ ni owó orí máa ń dúró lé lórí, ẹnikẹ́ni tí ìbáà jẹ́ orúkọ rẹ̀ ni wọ́n kọ sínú ìwé. Tí ẹni náà bá sì jẹ́ tálákà, owó tí a ní kó dín igi gígé kù lè fi kún un.

Ohun kan wà tó yẹ ká jẹ́wọ́. Ní ọ́fíìsì kan tí a ti ṣiṣẹ́ rí, a máa ń rí ìwé rìsíìtì owó igi, wọ́n kún, wọ́n tò dáadáa. Ní ọjọ́ kan a béèrè pé igi mélòó ni owó yìí ti gbìn. Kò sí ìwé kankan tó dáhùn. Wọ́n ní iṣẹ́ wa ni kí owó pé, ibi tó ń lọ kò kàn wá. A fọwọ́ sí i, a pa ìwé dé. Owó pé lóòótọ́, ṣùgbọ́n igbó ò pé. Ìdí nìyí tí a ò fi lè gbà lónìí pé kí a máa fi iye owó tó wọlé wọn bóyá owó orí kan ṣiṣẹ́. Bó bá jẹ́ pé igbó ni a tìtorí rẹ̀ gbà á, igbó ni ká lọ kà.

Ohun tí a ń bẹ̀ ẹgbẹ́ àti àwọn olóyè pé kí wọ́n ṣe

A mọ̀ pé ẹnì kan á sọ pé: ṣé èéfín tiwa ló ba ayé jẹ́? Rárá o. Gbogbo ilẹ̀ Áfíríkà, èéfín tó ń tú jáde láti inú epo, gáàsì àti èédú ilẹ̀ kò tó 4 nínú ọgọ́rùn-ún ti ayé. Kì í ṣe gbèsè òyìnbó ni a ń bá wọn san. Ìdí tiwa ni pé òjìji ń tán lórí oko wa, òrí àti irú ń tán lọ́wọ́ àwọn ìyá wa, odò ń tètè gbẹ. Lọ́nà àtijọ́ tí ọ̀pọ̀ ń gbà sun èédú, ó lè gba kílò igi 5 sí 8 kí kílò èédú kan tó jáde. Ìyókù lọ sínú afẹ́fẹ́, kò ta fún ẹnikẹ́ni.

Torí náà, a ò ní sọ pé kí ẹ fi kún owó èédú, a ò sì ní sọ pé kí ẹ yọ ọ́. Ohun mẹ́rin la fẹ́ kí ẹ gbà.

Èkíní, kí á kọ́kọ́ kà. Kí ẹgbẹ́ yan ọ̀dọ́ mẹ́fà tó mọ̀wé, kí wọ́n máa kọ àpò èédú tó ń jáde ní ọjọ́ ọjà, fún ọdún kan gbáko. Kí wọ́n kọ ibi tó ti wá àti irú igi rẹ̀ bí wọ́n bá lè mọ̀ ọ́n. Kí wọ́n yan igbó méjì tó jọra, kí wọ́n ka igi tó dúró nínú wọn lọ́dọọdún. Bí iye tí wọ́n ń gbà bá yí padà lọ́jọ́ kan, a ó lè sọ ohun tó ṣe, a ò ní máa méfò.

Èkejì, kí á kọ̀wé sí mẹ́ẹ̀rì àti secrétaire exécutif, kí àwọn Eaux et Forêts náà gbọ́, pé lẹ́ẹ̀kan lọ́dún kí wọ́n wá ka ìṣirò owó igi àti èédú ilẹ̀ Manigri ní gbangba, ní èdè wa: iye tó wọlé, iye tó lọ síbòmíràn, iye tó padà sọ́dọ̀ wa àti ohun tó ṣe. Kí á rántí Kánádà. Owó tó padà gbọ́dọ̀ hàn. Bó bá jẹ́ kànga ni, kí wọ́n kọ ọ́ sára kànga.

Ẹ̀kẹta, kí á béèrè pé kí owó náà ya ẹni tó ṣe dáadáa sọ́tọ̀. Èédú tó bá ti inú igbó tí abúlé pààlà sí tàbí ti oko tí wọ́n fúnra wọn gbin igi ìdáná sí, bí akasíà, kí owó rẹ̀ kéré. Èyí tó bá ti igbó ìjọba tàbí ti igi òrí àti igi irú wá, kí ó wọ́n gidi. Kí àyẹ̀wò ojú ọ̀nà sì jẹ́ ti òótọ́, torí ibẹ̀ ni Niger ti ṣubú.

Ẹ̀kẹrin, kí ọ̀nà mìíràn ṣáájú owó. Kí wọ́n kọ́ àwọn tó ń sun èédú ní ọ̀nà ti Casamance tí wọ́n ń lò ní Senegal, tí igi díẹ̀ fi ń bí èédú púpọ̀. Kí ààrò tí kì í jẹ igi dé ọwọ́ àwọn ìyá wa. Kí ìgò gáàsì kílò 6 ṣeé pààrọ̀ níbí láìjẹ́ pé ènìyàn á kọ́kọ́ fi owó zémi wá a kiri. Lẹ́yìn ìyẹn, bí ẹnikẹ́ni bá ní ká fi kún owó èédú, a lè jókòó sọ ọ́. Ká tó ti ènìyàn, ká rí i pé ilẹ̀ wà níwájú rẹ̀ tó máa fẹsẹ̀ lé.

Ó ku ọ̀rọ̀ kan, ẹ jọ̀wọ́, ẹ̀yin olóyè wa, ẹ má bínú sí wa. Màmá tó ń sun àpò méjì kọ́ ló ń pa igbó tán. Àwọn tó ń wá pẹ̀lú ẹ̀rọ ìgégi àti ọkọ̀ akẹ́rù, ẹnì kan ló ń fi ọ̀nà hàn wọ́n. Nígbà mìíràn, ẹni tó ni ilẹ̀ ló gba owó lọ́wọ́ wọn lálẹ́. Kò sí owó orí tí mérì lè gbé kalẹ̀ tó lè borí ìyẹn. Ẹ̀yin nìkan lẹ lè dá a dúró, torí ọ̀rọ̀ yín ṣì ń múlẹ̀ lórí ilẹ̀ yìí. Bí ẹ bá sọ lónìí, níwájú gbogbo wa, pé igi òrí àti igi irú kò sí fún èédú mọ́ ní Manigri, òfin yẹn ò ní ná ẹnikẹ́ni ní fránkì kan, yóò sì ṣiṣẹ́ ju owó orí lọ.

Àpótí ìwé wà lórí tábìlì yìí. Lẹ́tà sí mérì ti wà nínú rẹ̀, a ti kọ ọ́, ó ku ọwọ́ yín. Ẹni tí kò bá fara mọ́ ọn, kó sọ ibi tí kò tọ́, ká tún un kọ.  Kí Ọlọ́run jẹ́ kí òjò rọ̀ lásìkò, kí ó sì bá igi lórí ìdúró.